Oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò àti oníhóró tí dókítà kọ: mo ti lo méjèèjì, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi pupa tí gbogbo kẹ́mísì ń tà yẹn, mi ò ní pè é nírọ́, ṣùgbọ́n tí tẹ́ẹ̀sì bá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, oníhóró owó pọ́ọ́kú tí dókítà ń kọ ni mo fọkàn tán.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì n'Íbàdàn níbí ni. Ẹ̀jẹ̀ dà lára mi gan-an, tí mo bá dìde òòyì á máa kọ́ mi, tí mo bá gun àtẹ̀gùn àyà mi á máa lù kìkìkì. Ìyá ọkọ mi ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ńlá wá, Ọlọ́run á bá mi dá wọn sí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Houston náà fi fítámínì ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣe bíi súìtì tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu. Mo ń lo gbogbo ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Oúnjẹ ń wù mí jẹ, mò ń sùn dáadáa, àmọ́ ìgbà tí mo lọ yẹ PCV wò, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó nínú ara, 26 ló ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ti obìnrin wà ní nǹkan bí 36 sókè. Dókítà wá kọ ferrous sulphate fún mi, oníhóró tí mò ń sọ nìyẹn.

Famasísì kan tó ní sùúrù ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé páálí fún mi, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú páálí kì í ṣe iye áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) tí ara máa rí lò, torí áyọ́ọ̀nù kì í dá wà nínú oògùn, wọ́n máa ń so ó pọ̀ mọ́ nǹkan mìíì ni. Ferrous sulphate 200 mg, áyọ́ọ̀nù gangan tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 65 mg. Ferrous gluconate tó máa ń wà nínú àwọn kápúsù kan, wọ́n á kọ 300 mg gàdàgbà síbẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé òun ló lágbára jù, bí 35 mg péré ni áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀. Ferric ammonium citrate ló wà nínú ìgò tèmi, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀ ló jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìyókù ohun tó wà níbẹ̀ ni ṣúgà àti fítámínì oríṣiríṣi. Fítámínì onísúìtì ti Houston ńkọ́? Kò tiẹ̀ ní áyọ́ọ̀nù kankan nínú! Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni ò ní. Owó ìgò kan ṣoṣo yẹn sì máa ra oníhóró tí èèyàn á lò pẹ́.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí ń dùn mí nítorí àwọn èèyàn wa gbà pé ohun tó bá ti òkè òkun wá ti yege. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún lọ́dún 1994 ka àwọn fítámínì yẹn mọ́ oúnjẹ, ẹni tó ṣe é lè gbé e sọ́jà láìjẹ́ pé FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ẹ yí ike ẹ̀ padà kẹ́ ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ó sábà máa ń wà níbẹ̀ pé FDA ò yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Tí ẹ bá fẹ́ rà á náà, ẹ wá èyí tó ní àmì USP, àjọ kan tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo fítámínì tí wọ́n ń pè ní biotin torí irun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín fún tẹ́ẹ̀sì, FDA ti kìlọ̀ lọ́dún 2017 pé ó lè mú kí èsì tẹ́ẹ̀sì jáde lódì, títí kan èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ní heart attack. Lọ́dọ̀ tiwa ńbí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo déètì, àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò sọ pé oògùn náà bá àìsàn yín mu.

Oníhóró náà ní wàhálà tiẹ̀ o. Inú ń run mí, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, ó tún ń le, ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ ló ti tìtorí ẹ̀ jù ú sílẹ̀. Mo padà lọ bá dókítà, wọ́n ní ìgbẹ́ dúdú ò burú, áyọ́ọ̀nù ló fà á, wọ́n wá ní kí n lò ó lónìí kí n fi ọ̀la sílẹ̀, pé téèyàn bá lò ó lójoojúmọ́ ara á máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tó bá sinmi díẹ̀ á gbà á dáadáa. Mo fi omi ọsàn lò ó, mi ò jẹ́ kí tíì tàbí mílíìkì sún mọ́ ọn. PCV mi gòkè, wọ́n sì ní kí n má tíì dáwọ́ dúró, kí n lò ó fún bí oṣù 3 sí i kí èyí tí ara tọ́jú pamọ́ lè kún. Ohun tí mo bínú sí ni pé ọsibítù tí mo lọ da oògùn sínú ọ̀rá lásán, kò sí orúkọ, kò sí déètì, mo ní àfi kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó kúrò.

Aláboyún, ẹ dúró gbọ́ tiyín. 30 sí 60 mg áyọ́ọ̀nù àti 0.4 mg folic acid lóòjọ́ ni WHO ní kí ẹ lò. Hóró yẹ́lò kékeré tí wọ́n ń tà níta, 5 mg ni ọ̀pọ̀ ẹ̀, tó bá sì pọ̀ tó yẹn ó lè má jẹ́ kí Fansidar tí wọ́n ń fún yín nítorí ibà ṣiṣẹ́, torí náà ẹ bi nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó lọ dá ra tiyín kún un.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ SS, ìyẹn sickle cell. Gbogbo ẹni tó bá ti rí i pé ojú ẹ̀ funfun á ní ẹ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti SS ń fọ́ ni, áyọ́ọ̀nù tó wà nínú èyí tó fọ́ kì í jáde lọ, inú ara náà ló ń wà. Páìntì kan tí wọ́n bá fà sí i lára tún ń gbé bí 200 sí 250 mg wọlé, ara ò sì ní ọ̀nà tó fi lè lé e jáde, inú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ló ń lọ jókòó sí. Ẹ wá tún fẹ́ da ìgò kan lé e! Folic acid àti Paludrine tó ń dènà ibà ni dókítà ẹ̀ kọ fún un, ohun tó ń lò nìyẹn, a kì í fún un ní áyọ́ọ̀nù àfi tí tẹ́ẹ̀sì ferritin, èyí tó ń wo áyọ́ọ̀nù tí ara tọ́jú pamọ́, bá sọ pé ó ṣaláìní in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ jẹ́nótáìpù ọmọ yín kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí ìgò.

Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó, olómi o, oníhóró o, torí olómi dùn lẹ́nu, oníhóró pupa sì jọ súìtì, áyọ́ọ̀nù tó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ kékeré. Tí ọmọ bá gbé e mì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má dúró wò ó bóyá á bì, kẹ́ ẹ sì mú páálí ẹ̀ dání kí dókítà lè rí iye tó wà nínú ẹ̀.