Swordfish ti Airfix: bàálù aláṣọ lọ́wọ́ aránṣọ

Aránṣọ ni mí. Ìró, búbà, agbádá, aṣọ ẹbí, ohun tí mo ń rán nìyẹn ní Peckham, ní London, láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Aṣọ ló sì mú mi dé ìdí bàálù ike yìí, tí Airfix ń tà ní àpótí kí ènìyàn tò ó fúnra rẹ̀. Nígbà ọlidé, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n mú òun lọ wo àwọn bàálù ogun àtijọ́ ní Duxford, nítòsí Cambridge. Òun ń sáré kiri ìdí Spitfire, èmi sì dúró síwájú Swordfish. Alápá méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Irin ni egungun rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ni awọ ara rẹ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo rí ipa ojú abẹ́rẹ́ tó tò gbọọrọ lórí egungun apá, tí wọ́n fi ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Ọwọ́ ènìyàn ló rán an. Ọmọ mi ló wá fà mí kúrò níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti orí ọkọ̀ ojú omi tí bàálù ń bà lé. Kò yára, eré rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 220 lọ ní wákàtí kan. Àwọn tó ń wà á pè é ní Stringbag, ìyẹn àpò olówùú tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gbé lọ sọ́jà láyé ìgbà náà, nítorí kò sí ẹrù tí wọ́n dì mọ́ ọn tí kò gbé. Ní alẹ́ 11 Oṣù Kọkànlá 1940, mọ́kànlélógún irú rẹ̀ ló lọ ká àwọn ọkọ̀ ogun Ítálì mọ́ èbúté Taranto, tí wọ́n ṣe mẹ́ta nínú àwọn tó tóbi jù léṣe. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní 8 Oṣù Keje 1940, wọ́n ti jà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa, nígbà tí wọ́n gbéra láti orí ọkọ̀ Hermes lọ kọlu Richelieu, ọkọ̀ ogun Faransé, ní Dakar. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti 26 Oṣù Karùn-ún 1941. Swordfish láti orí ọkọ̀ Ark Royal ju torpedo, àdó olóró tó ń sáré lábẹ́ omi, ó bá Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, nídìí, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ há, kò lè yà mọ́, ó sì rì lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn bàálù ọjọ́ náà padà dé pẹ̀lú ihò tó lé ní ọgọ́rùn-ún lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, ẹ ro ó wò: aṣọ tó ya tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì gbé ènìyàn mẹ́ta délé.

Èyí tí mo rà ni ti Airfix, ìdá kan nínú 72. Bàálù gidi fẹ̀ tó mítà 13.87 láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì; tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 19 lọ. Kò gbà tó pọ́n-ùn 30 lọ́wọ́ mi. Àpótí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú méjì tó ti kán nínú àwọn òpó tó ń gbé apá òkè ró, ẹni tó tà á kò sì dá mi lóhùn títí dòní. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù ni mo lọ nígbà kejì, mo ṣí i wò lójú wọn kí n tó sanwó. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò. Aṣọ tí a fà bo egungun kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń rì díẹ̀ láàárín egungun kan sí èkejì. Ẹni tí kò mọ aṣọ á gbẹ́ ẹ jìn, á dà bí aṣọ tí òjò pa. Àwọn tó gbẹ́ èyí mọ aṣọ. Mo fi èékánná wọ́ orí apá náà, díẹ̀ ló kù kí n má mọ ibi tí egungun wà, àfi ìgbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí òjìji rẹ̀ yọ. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ibi ìjókòó, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́sàn-án, táyà, gbogbo wọn wọ ara wọn wẹ́kú, n kò ní fi wọ́n gbà yín lákòókò.

Ẹ má tíì lẹ apá òkè o. Ẹ kun ohun gbogbo lọ́dà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ná, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kò ní ráyè wọlé mọ́ tí òpó bá ti dúró. Àwọ̀ méjì ló wà lókè ara rẹ̀, eérú tó dúdú bí òkun, àti eérú tó fi díẹ̀ jọ ewé. Ṣùgbọ́n orí apá ìsàlẹ̀ kò gba àwọ̀ kan náà, eérú méjì mìíràn tó mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ ni wọ́n fi kùn ún. Apá òkè ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Bí àwọ̀ wọn bá dọ́gba, òjìji á mú kí ti ìsàlẹ̀ dúdú jù lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè, kò sì ní bá òkun dọ́gba. Mo gbé iná ṣọ́ọ̀bù mi sórí rẹ̀ láti dán an wò, àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di méjì lójú mi. Agolo mẹ́rin ni kí ẹ rà, ẹ fi eérú tó mọ́ kedere kún un fún abẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku òwú. Bàálù gidi ní okùn irin tó gba àárín apá méjèèjì kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìwé ìlànà fi ọ̀nà okùn kọ̀ọ̀kan hàn, òwú fúnra rẹ̀ ni ẹni tó rà á yóò wá. Òwú ọ̀rá tí a fi ń ká etí léèsì, èyí tí ojú kì í rí, ni mo lò. Mílímítà 0.1 ni, tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 72, ó tó bí pẹ́ńsù ṣe nípọn, ìyẹn sì tọ́ sí okùn irin. Mo fi ẹnu dìrílì tín-ínrín lu ihò díẹ̀ sábẹ́ apá òkè, mo lu ti ìsàlẹ̀ já. Mo lẹ òwú mọ́ òkè, mo gbé apá náà lé òpó, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà mo fa òwú kọ̀ọ̀kan gba ihò ìsàlẹ̀, mo fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ kan há ìdí rẹ̀ kó máa fì. Ìwọ̀n pẹ́ẹ̀gì náà tó láti fà á gbọnrangandan láìtẹ apá. Mo kán súpàgúlù sí ihò, ìwọ̀nba orí abẹ́rẹ́, mo dúró, mo gé e. Ibì kan wà tí mo kán an pọ̀ jù, ọ̀dà ibẹ̀ funfun, mo ní láti tún un kùn. Alẹ́ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Nígbà tí mo fi ìka ta òwú tó kẹ́yìn, ó dún fínfín.

Ẹni tí kò tíì to bàálù ike rí, kó kọ́kọ́ fi alápá kan kọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìgbọ̀n, kó ra èyí, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.

Mo ti ra òmíràn. Apá Swordfish ṣeé ká sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń ká a kó lè gba inú ọkọ̀ ojú omi, àpótí kan náà yìí sì gbà wá láyè láti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ní òun ni yóò fa òwú tiẹ̀. Mo ti gé òwú náà sílẹ̀ dè é, mo to pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi.