ÌKÌLỌ̀ O: Gummies CBD tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wálẹ̀, nọ́ńbà káàdì yín ni wọ́n ń wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston, Maryland, Atlanta, títí dé Peckham lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáwọ́ dúró ná kẹ́ ẹ tó tẹ "order" lórí àwọn gummies CBD yẹn, súìtì rírọ̀ tí wọ́n fi èròjà kan láti ara ewé hemp sí, tí wọ́n ní ó ń mú ikùn wálẹ̀. Ó tún ti gba orí Facebook kan, mo sì ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń gbé e sínú gúrúùpù WhatsApp pé "ẹ wá o, ìgò àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, owó ṣípìn nìkan lẹ máa san". Irọ́ ni. Kò sí ọ̀fẹ́ kankan níbẹ̀. Gummies yẹn ni ìjẹ ẹnu ìwọ̀, nọ́ńbà káàdì yín ni ẹja.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. O ń wo fóònù ẹ jẹ́jẹ́, fídíò kan á já lù ẹ́, Oprah Winfrey lo máa rí tó ń sọ pé gummies yìí lòun ń jẹ tára òun fi fúyẹ́, ojú ẹ̀ ni, ohùn ẹ̀ ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Oprah fúnra ẹ̀ jáde sórí Instagram lọ́dún 2022, ó ní òun ò lọ́wọ́ nínú gummies ìsanra kankan, káwọn èèyàn má tìtorí òun rà á, síbẹ̀ wọn ò yéé lo ojú obìnrin yẹn. Tí kì í bá ṣe Oprah, wọ́n á ní àwọn olówó inú Shark Tank, ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí olówó ti ń fowó sí òwò ẹlòmíì, ló fowó sí i, irọ́ gbuu ni, àwọn olówó yẹn náà ti pariwo títí pé àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Tó o bá wá tẹ̀ ẹ́, ojú ewé kan á ṣí tó jọ ti iléeṣẹ́ ìròyìn gidi, kọ́méǹtì á kún ìsàlẹ̀ ẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn ló ti jò, gbogbo wọn ló ń dúpẹ́, aago kan á sì máa kà sẹ́yìn lókè pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ku ìgò méje péré. Ẹ rífíréèṣì ojú ewé yẹn kẹ́ ẹ wò ó, aago yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgò méje á ṣì jẹ́ ìgò méje.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn gan-an ni owó ṣípìn. Dọ́là mẹ́fà tàbí méje ni, ta ló máa ronú lẹ́ẹ̀mejì lórí dọ́là méje? O tẹ nọ́ńbà káàdì ẹ sí i, ó parí. Ìsàlẹ̀ pátápátá lójú ewé yẹn, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní aláwọ̀ eérú tí màmá mi ò lè rí kódà kí wọ́n wọ awò ojú méjì, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé tí ọjọ́ 14 bá ti pé láti ọjọ́ tó o order (kì í ṣe láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹ o, láti ọjọ́ tó o order) wọ́n á yọ owó ìgò náà gangan, tó máa ń sún mọ́ $90, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa fi ìgò tuntun ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọ́n á sì máa yọ owó lóṣooṣù. Ìgbà tí ìgò "ọ̀fẹ́" yẹn bá fi máa wọlé, ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ 14 yẹn ti lọ. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 2010 tó ní kí ẹni tó bá ń tajà lọ́nà báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ gbangba kó tó gba nọ́ńbà káàdì èèyàn, kó sì jẹ́ kó rọrùn láti jáwọ́. Wọ́n mọ òfin yẹn dáadáa, òun ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà wínníwínní, kí wọ́n lè ní àwọn ṣáà sọ ọ́.

Àǹtí kan tí mo mọ̀ níbí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ṣe é fún wọn. Orúkọ tó wà lórí ìgò yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí státímẹ́ǹtì báńkì, òun ló fi jẹ́ pé wọn ò tètè fura, wọ́n rò pé ọmọ wọn ló ra géèmù. Àwọn ọlọ́jà yẹn ti fi "detox" kan (èyí tí wọ́n ní ó ń fọ inú) mọ́ ọn tí àǹtí ò bèèrè, àpótí kékeré kan ni wọ́n ti fàmì sí sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù yẹn, tí o ò bá yọ àmì yẹn kúrò, o ti rà á nìyẹn. Nígbà tí àǹtí pe nọ́ńbà tó wà lára ìgò, mo wà níbẹ̀, ẹni tó gbé e ò jiyàn rárá, ohùn ẹ̀ dùn bí nǹkan míì, ó ní ẹ má bínú mà, kẹ́ ẹ mú ìgò yín dání, a máa dá ìdá 30 padà nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àǹtí bínú, ó gbé e sí 50. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, ẹni tó ń ta ọjà gidi kì í ná owó ẹ̀ padà fún yín bí ẹni ń ná tòmátò ní Bódìjà. Àwọn ọlọ́jà ní kí àǹtí tó lè gba gbogbo owó padà, àǹtí gbọ́dọ̀ dá ìgò tí wọn ò tíì ṣí padà, kí nọ́ńbà kan sì wà lára páálí ẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni àwọn ọlọ́jà ò fi ránṣẹ́ títí di òní.

Àwọn kan á ní kí n fi ti káàdì sílẹ̀, CBD fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í mú ikùn wálẹ̀ ni, torí ẹ̀gbọ́n àwọn kan lò ó. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

CBD, ara ewé hemp ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ọmọ ìyá igbó ni, àmọ́ CBD kì í yí èèyàn lórí bí igbó. Oògùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi CBD ṣe tí FDA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ń jẹ́ Epidiolex, ọdún 2018 ni wọ́n fọwọ́ sí i, fún irú warapa líle méjì tó máa ń mú ọmọdé. Nínú ìwé tó wà nínú páálí oògùn yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé ó lè dín bí oúnjẹ ṣe ń wu èèyàn jẹ kù, pé kílò èèyàn lè wálẹ̀. Ẹ rí i? Ibẹ̀ làwọn ọlọ́jà yìí ti mú ọ̀rọ̀ wọn. Wọn ò wá sọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó ń mú oorun kun èèyàn, ó sì lè da ẹ̀dọ̀ láàmú débi pé dókítà gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Ìyẹn kì í ṣe oògùn ìsanra, wàhálà tí oògùn warapa ń bá wá ni wọ́n sọ di ìpolówó.

Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ iye tó wà nínú ẹ̀, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fọkàn sí i. Oògùn warapa yẹn, ohun tí wọ́n sábà ń fún èèyàn lójúmọ́ jẹ́ 10 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n, ó sì lè lọ dé 20. Ẹni tó bá wọ̀n 80 kílò, 800 mg nìyẹn lójúmọ́ o. Ẹ wá gbé ìgò gummies yẹn, "300 mg" ni wọ́n kọ gàgàrà síwájú ẹ̀, gummies 30 ló wà nínú ẹ̀, 10 mg ló bọ́ sínú ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó jẹ 800 mg, ẹ máa jẹ gummies 80 lóòjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò mẹ́ta, súgà inú ẹ̀ nìkan á sọ yín di ràbàtà. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí oúnjẹ ní Britain, FSA, tiẹ̀ sọ lóṣù October 2023 pé kí àgbàlagbà tára ẹ̀ dá ṣáṣá má jẹ ju 10 mg CBD lọ lójúmọ́.

Wọ́n tún máa ń sọ pé "sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé CBD ń sọ ọ̀rá funfun di ọ̀rá búráwùn tó ń jóná fúnra ẹ̀". Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i, àwọn kan ṣe é ní Korea lọ́dún 2016, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì eku inú abọ́ ni wọ́n da CBD lé, kì í ṣe ikùn èèyàn. Èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èèyàn ní Britain, tó jáde lọ́dún 2016 kan náà, àwọn onítọ̀ọ̀gbẹ 62 ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní 100 mg CBD lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 13, kílò wọn ò tìtorí ẹ̀ wálẹ̀. 200 mg lóòjọ́ nìyẹn o, gummies tìẹ 10 mg ni. Kí wọ́n má sì fi oògùn míì tàn yín o. Oògùn ìsanra gidi kan wà tó ti ọ̀nà tí igbó ń gbà mú ebi pa èèyàn wọlé, rimonabant, ó ń dí ọ̀nà yẹn pa ni, wọ́n gbà á láàyè ní Europe lọ́dún 2006, àmọ́ nígbà tó fi máa di 2008 wọ́n ti dá a dúró torí ó ń mú ìbànújẹ́ ọkàn bá àwọn tó ń lò ó, àwọn míì tiẹ̀ ń ronú àtipa ara wọn. CBD kì í ṣe rimonabant, kò sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn ìjọba ò sùn o. Oṣù December 2020, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, mú iléeṣẹ́ CBD mẹ́fà torí wọ́n ń parọ́ pé CBD ń wo oríṣiríṣi àìsàn. FDA náà ní kò tọ́ kẹ́nikẹ́ni máa ta CBD bíi supplement rárá. Àmọ́ àwọn tí mò ń sọ yìí, orúkọ ìgò ni wọ́n ń pààrọ̀, tẹ́ ẹ bá ti ríṣẹ́ wọn lónìí, ọ̀la á di orúkọ míì, ìgò kan náà, àwọ̀ ewé kan náà.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin CNA tẹ́ ẹ ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tírélà, tiyín tún ju ti owó lọ. Àwọn olùṣèwádìí ra ọjà CBD 84 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e lọ sí láàbù, èsì ẹ̀ jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017: 26 péré ni ohun tó wà nínú ẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ síta mu, 18 sì ní THC nínú, ìyẹn èròjà inú igbó tó ń yí èèyàn lórí. Tí wọ́n bá ní kó o tọ̀ sínú ike níbi iṣẹ́ tí THC bá jáde, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ "gummies ni mo jẹ". Ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde ní February 2020 fáwọn awakọ̀ pé CBD kì í ṣe àwáwí tí wọ́n máa gbà, ìwé àṣẹ tírélà ẹ lè tibẹ̀ lọ.

Ẹ má sì fi ránṣẹ́ sílé sí màmá yín o, ẹ jọ̀ọ́. CBD máa ń kọlu àwọn oògùn míì nínú ara, warfarin tí wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ó lè jẹ́ kó lágbára jù débi pé ẹ̀jẹ̀ á máa ya lára èèyàn. Yàtọ̀ síyẹn, igbó ṣì jẹ́ èèwọ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà, NDLEA ò ní jókòó ní Murtala Muhammed kó máa gbọ́ àlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín CBD àti igbó. Èyí tí wọ́n ń tà lórí status WhatsApp ní Ìbàdàn àti Èkó tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tó bá wá ń ṣiṣẹ́ gan-an, tí oúnjẹ ò wù ẹ́ mọ́, tí àyà ẹ ń lù kìkìkì, ìgbà yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù, torí àìmọye ìgbà ni FDA ti bá sibutramine nínú nǹkan ìsanra báyìí, oògùn tí wọ́n ti kó kúrò lọ́jà lọ́dún 2010 torí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Tí wọ́n bá ti yọ owó yín, báńkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, ẹ má jókòó ti nọ́ńbà ara ìgò yẹn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fún ẹni yẹn láṣẹ mọ́, kí wọ́n dí i pa pátápátá. Ẹ má kàn gba káàdì tuntun kẹ́ ẹ máa rò pé ó ti parí, torí àwọn báńkì máa ń fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ fáwọn tó ń yọ owó lóṣooṣù láìbi yín, òun ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí owó tún fi ń lọ. Tó bá jẹ́ credit card ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó pé ọjọ́ 60 tí státímẹ́ǹtì yẹn jáde. Ní Britain, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún báńkì yín tààrà pé kí wọ́n má san án mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́jà. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé yẹn pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ ẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ sì fi ẹjọ́ wọn sùn ní ReportFraud.ftc.gov tẹ́ ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹnì kan lè pè yín pé òun ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó gummies padà, kẹ́ ẹ kàn san owó fáìlì díẹ̀. Àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tó ra nọ́ńbà yín lọ́wọ́ wọn. Ẹ pa fóònù.