Irúgbìn edelweiss tí mo gbìn ní Kàbbà

Lóṣù kìíní ọdún yìí ni mo ra irúgbìn òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní edelweiss lọ́wọ́ àwọn kan tí ń ta irúgbìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpò kékeré ni, hóró inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tóbi ju hóró tẹ̀tẹ̀ lọ. Irúgbìn náà dára, kò sí èyí tó bu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn àpò náà kò wúlò rárá fún ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Wọ́n ní kí a gbìn ín síbikíbi tí oòrùn bá ti ń ràn, kí a sì máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò pàdánù owó rẹ̀.

Orí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù ni òdòdó yìí ti wá, láàárín mítà 1,800 sí 3,000, lára àpáta òkúta ẹfun, níbi tí omi kì í ti í dúró. Yìnyín a máa bò ó nígbà òtútù, òdòdó náà a sì tún rúwé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí irúgbìn rẹ̀ fi máa ń fẹ́ òtútù kó tó hù dáadáa, ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́yìn àpò yẹn rárá. Mo da tèmi mọ́ iyanrìn tútù, mo sì gbé e lọ sínú fìríìjì ìyá tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa, nítorí pé ó ní sólà. Ó ní, “Bàbá, ẹja ló wà níbẹ̀ o, ẹ bá mi wé e dáadáa.” Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbìn ín lóṣù kẹta, mi ò fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó hù. Ìdá kan yẹ̀pẹ̀ ni mo pò mọ́ ìdá méjì iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, mo sì fi òkúta ẹfun tí mo rí gbà láti ọ̀nà Obajana sí i, nítorí pé òkúta Kàbbà kì í ṣe irú èyí tó fẹ́ràn. Nínú ọgbọ̀n hóró, mọ́kànlá ló hù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ewé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ óò rò pé òwú ni wọ́n fi rán an. Irun funfun yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ orí òkè. Ìràwọ̀ funfun tí a ń rí nínú àwòrán rẹ̀ gan-an, ewé onírun ni. Òdòdó tòótọ́ ni àwọn kéékèèké tó pupa rúsúrúsú láàárín. Ìdílé kan náà ni òun àti ewúro wa.

Àmọ́ irun yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé. Omi ń dúró sára ewé, ọ̀rinrin kò kúrò tọ̀sán tòru, ọrùn ọ̀gbìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti ìsàlẹ̀. Mo gbé àwọn ìkòkò sábẹ́ òrùlé, mo dín omi kù, síbẹ̀ mẹ́rin péré ló rí oṣù keje, kò sì sí ìkankan lóṣù kẹjọ. Kò sí èyí tó tanná nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọdún kejì ni púpọ̀ nínú wọn máa ń tanná, èyí tí àwọn tó tà á fún mi kò sọ.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tún ìlànà náà kọ, mi ò sì tíì rí èsì. Fún irúgbìn, mo fún wọn ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ìlànà, ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó fún ọ̀ṣọ́ iwájú ilé ní Kàbbà, Ìsánlú tàbí Mọpà, kó má rà á. Ìdajì irúgbìn tèmi tó kù ṣì wà nínú fìríìjì ìyá ẹlẹ́ja. Oṣù kọkànlá ni n óò gbìn ín, kó lè lo gbogbo àsìkò ọyẹ́ kí òjò tó padà dé.