Alendronate 70 mg àti kálísíọ̀mù fún egungun ẹlẹgẹ́: àgbéyẹ̀wò

Hóró kan péré lọ́sẹ̀. Ohun tó mú kí alendronate 70 mg rọrùn ju ti 10 mg ojoojúmọ́ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n oògùn tó ní òfin lílò ni. Nínú ohun tí ẹ gbé mì, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bí tíì, mílíìkì tàbí kálísíọ̀mù bá bá a nínú ikùn, ìwọ̀nba yẹn náà á ṣòfò.

Bí ẹ bá ti jí, kí ohunkóhun tó kan ẹnu yín, ẹ fi omi lásán ife kan tó kún, bíi 200 ml, gbé e mì lódindi. Ẹ má rún un, ẹ má sì lá a. Ẹ jókòó ṣánṣán tàbí kí ẹ máa rìn fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó jẹun; ẹ má dùbúlẹ̀ títí ẹ ó fi jẹun. Bí hóró náà bá há sọ́nà ọ̀fun, egbò ló ń dá síbẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun àárọ̀, ẹ kírun tán kí ẹ tó lò ó, nítorí ìforíkanlẹ̀.) Bí ọ̀fun bá ń ro yín nígbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ mì, tàbí àyà ń ta yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ rí dókítà. Ẹni tó bá gbàgbé ti ọjọ́ Àìkú, kó lò ó láàárọ̀ Ajé, kó sì padà sí Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ má lo méjì lóòjọ́.

Kálísíọ̀mù ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù. Hóró calcium carbonate 1250 mg, 500 mg kálísíọ̀mù gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti iyùn òkun, carbonate kan náà ni, owó rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ lo carbonate pẹ̀lú oúnjẹ, kó má ju 500 mg lọ lẹ́ẹ̀kan. Ara kì í gba púpọ̀ pọ̀. Carbonate máa ń mú kí ìgbẹ́ le. Ẹni tó ń lo omeprazole (oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù), calcium citrate ló yẹ ẹ́, torí citrate kò nílò omi kíkan yẹn. Obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún nílò 1200 mg lójúmọ́, oúnjẹ sì wà nínú ìṣirò náà: ẹni tó ń jẹ wàrà àti ẹja tòun teegun lè máà nílò ju hóró kan lọ. Fítámìn D3 800 IU (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ìgò) lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ alendronate, ẹ yẹ kíndìnrín àti kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì yọ eyín tó bá yẹ ní yíyọ, torí bí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tí ẹ ti ń lo oògùn náà, egungun àgbọ̀n lè kọ̀ láti jinná. Lẹ́yìn ọdún 5, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí ẹ sinmi lílo oògùn náà. Bí itan bá ń ro yín láìṣubú, ẹ má fi ṣe làkúrègbé: ẹ lọ ya fọ́tò egungun rẹ̀ (X-ray).