Yamaha DX7 àlòkù: oṣù mẹ́ta tá a ti jọ wà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ra DX7, kíbọ́ọ̀dù Yamaha téèyàn lè fi ṣe ìró tiẹ̀ fúnra ẹ̀, mo lè wá sọ tinú mi báyìí. Àlòkù ni o, irú èyí tí Yamaha kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1983, ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń tà á nínú ilé ẹ̀ lẹ́yìn London ni mo ti rà á, £380. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí ìró tó bá a wá nìkan lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó yín pamọ́, Dexed, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi DX7, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìró yẹn náà ló máa dún nínú kọ̀ǹpútà yín.

Ibi tó dùn mí ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ọkùnrin yẹn ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Mo tẹ kíì 61 níwájú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ dún, inú mi dùn, mo sanwó, mo gbé e, ó sì wúwo o, ó lé ní kílò 14. Mo délé, mo tàn án, orúkọ àwọn ìró wá di wúruwùru lójú skríìnì, àmì tí ò ṣeé kà, tí mo bá sì tẹ kíì ariwo burúkú ló ń jáde. Àṣé ọkùnrin yẹn ti ki kátíríìjì, ike kékeré tí wọ́n ń kó ìró sí, bọ̀ ọ́ nígbà tí mo ń dán an wò, inú kátíríìjì yẹn nìró ti ń wá, ó sì ti yọ ọ́ kó tó dì í fún mi. Bátìrì inú ẹ̀ ti kú. CR2032 pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì yẹn ló ń bá a rántí ìró 32 tó wà nínú ẹ̀, tó bá ti kú gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn, òjé ni wọ́n sì fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi èékánná yọ. £40 lẹni tó bá mi pààrọ̀ ẹ̀ gbà. Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá ṣì rà á, ohun tó dùn mí nìyẹn.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kí wọ́n yọ kátíríìjì, kẹ́ ẹ tẹ INTERNAL, ìyẹn bọ́tìnnì ìró inú ẹ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ ka orúkọ ìró. Ẹ tẹ FUNCTION, ẹ tẹ 14, á sọ fóltì bátìrì fún yín, tí ò bá sún mọ́ 3, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú owó ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà o. Tó bá jẹ́ ti Japan, iná 100 fóltì ni wọ́n ṣe é fún, tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná UK tàbí ti Nàìjíríà báyẹn, ẹ ó jó o ni. Ní ti ìró tó sọnù, mo fi wáyà MIDI, èyí tí kíbọ́ọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, dá a padà láti kọ̀ǹpútà, fáìlì gbogbo ìró 32 ò ju báìtì 4,104 lọ, ẹ ṣáà ti pa MEMORY PROTECT, èyí tí kì í jẹ́ kí ìró tuntun wọlé, kẹ́ ẹ sì gbé SYS INFO sí AVAIL kó lè gba fáìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà á.

Ọjọ́ tí mo gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, E.PIANO 1, ìró dùùrù oníná tó wà nínú ẹ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ń darí kwáyà wa dúró sójú kan, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti rí ohùn yìí?" Mo ní, "DX7 ni, sà." Wọ́n ní kí n má pààrọ̀ ẹ̀ títí ìsìn fi máa parí, mi ò sì pààrọ̀ ẹ̀.

Àmọ́ ibi tó ti wá wọ̀ mí lára ni kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ìró. FM ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí, kí ìró kan máa gbọn ìró míì kí ohùn ẹ̀ lè yí padà, John Chowning ló rí i ní Stanford lọ́dún 1967, Yamaha wá gba àṣẹ ẹ̀. Operator mẹ́fà, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ìró, ló wà níbẹ̀, algorithm 32, ìyẹn ètò bí wọ́n ṣe so pọ̀, ló sì ń sọ ẹni tó máa gbọn ẹnì kejì. Ẹ má wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Méjì péré ni mo fi ṣe agogo. Mo tẹ VOICE INIT kí n lè bẹ̀rẹ̀ látorí ìró òfìfo, algorithm 1, operator 1 nìkan ló ń dún nígbà yẹn, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń súfèé. Operator 2 kì í dún fúnra ẹ̀ níbí, ńṣe ló ń gbọn operator 1, mo gbé frequency ẹ̀ sí 1.41, ìyẹn ìlọ́po 1.41 ti operator 1, mo wá ń gbé level ẹ̀, ìyẹn agbára ẹ̀, sókè díẹ̀díẹ̀ láti 0, ó dé bíi 75, irin dé! L ni ibi tí ìró máa lọ sílẹ̀ dé, R ni bó ṣe máa yára débẹ̀. Mo fi L2 àti L3 àwọn méjèèjì sí 0, R2 ti operator 1 sí 55, ti operator 2 sí 65, kí irin yẹn lè tètè kú kí ohùn gan-an ṣì máa lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, bí agogo gidi ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá lù ú. Kíì méjì, ẹnu agogo méjì. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́.

Ó láwọn ohun tí mi ò fẹ́ ṣá. Skríìnì ẹ̀ ò níná, nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀ṣì tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á. Kò ní reverb kankan, ìyẹn ohùn tó ń dún padà bíi nínú gbọ̀ngàn, ojú ihò kan ṣoṣo ló sì ń gbà jáde, ẹ ó wá nǹkan míì so mọ́ ọn. Bọ́tìnnì ẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ gidi.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo ń bá fà á báyìí. Mo ti gbé feedback, èyí tó ń jẹ́ kí operator máa gbọn ara ẹ̀, dé 7, operator 6 ti ń hó ṣàà, ó kù bí mo ṣe máa jẹ́ kó fọ́nká bíi ti ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gbá igbá.