Ṣíìtì 253 MA (irú stainless tó ń fara da iná) fún ilé iná ààrò búrẹ́dì: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ àwọn tó tà á

Òòfà ló bí mi nínú. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní ilé ìtajà irin yìí, ní Owódé Oníríin l'Ékòó, yọ òòfà kékeré kan lápò, ó gbé e lé irin àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún mi, tí mo gbé padà wá fún wọn, òòfà sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i? Kò mú un. Ojúlówó stainless ni. Bọ́nà yín ni kí ẹ lọ tún ṣe." Irin tó ń wí yìí ti lu, àtàǹpàkò mi wọ inú ihò rẹ̀. Èépá dúdú ń ṣí lára rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ń já sórí káúńtà wọn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà fọwọ́ gbá a dànù, ó tún ń wò mí lójú.

Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòfà tan yín. Òòfà ò mọ irin tó lè fara da iná. Kanthal tí wọ́n fi ń ṣe wáyà inú ìléru, òòfà ń mú un dáadáa, bẹ́ẹ̀ òmíràn nínú rẹ̀ ń gba iná tó tó 1,400 °C nítorí alumíníọ̀mù tó wà nínú rẹ̀.

304, irú stainless kan, ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi. Ó dára fún ìkòkò, ó dára fún tábìlì ìpòyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí mo rà á pé ilé iná ni mo fẹ́ fi ṣe, àpótí tí bọ́nà ń tu iná dísù sí, tí irin ibẹ̀ máa ń pọ́n ròrò. Wọ́n ní kò séwu. Ewu wà o! 304 lè gba nǹkan bí 925 °C tí iná bá ń jó láìdúró. Tó bá jẹ́ iná tó ń kú tó ń tàn, kó má kọjá 870. Tèmi kì í sì í jó láìdúró: tí ààrò bá ti gbóná tó, bọ́nà á kú, tó bá rẹlẹ̀, á tún tàn, iná mànàmáná náà sì ń lọ nígbà tó bá wù ú. Ní gbogbo ìgbà tí irin bá tutù, ó máa ń sún kì ní bí ìlọ́po méjì awọ kirómíọ̀mù tó bò ó, tí kì í jẹ́ kí iná jẹ ẹ́. Awọ yẹn á fọ́, á já, irin á tún fa kirómíọ̀mù ara rẹ̀ jáde láti fi bora. Nǹkan bí 18 nínú 100 ló ní. Bó bá ṣe ń tán lọ, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra rẹ̀. Bí èéfín ṣe wọ búrẹ́dì mi nìyẹn, òòrùn dísù gba gbogbo rẹ̀, a sì kó o dànù.

Ariwo mi ló mú obìnrin kan jáde láti ọ́fíìsì ẹ̀yìn. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé irin náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́, ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí níbẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iná yẹn máa ń kú, ó máa ń tàn?" Inú mi rọ̀ níbẹ̀. Ó mú ìwé ẹ̀rí 253 MA jáde, irin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Avesta ní Sweden, ó ń fi bírò tọ́ka fún mi: nínú 100, kirómíọ̀mù 21, níkẹ́ẹ̀lì 11, sílíkọ́ọ̀nù 1.6, síríọ̀mù 0.05. Nínú 100 kìlógíráàmù irin, síríọ̀mù yẹn ò ju 50 gíráàmù lọ! Òun ló ń jẹ́ kí awọ náà di irin mú, tí kò fi ń já bí iná bá kú; sílíkọ́ọ̀nù náà ń tẹ́ awọ tirẹ̀ sí abẹ́. 253 MA yìí ń gba tó 1,150 °C. 310, irú stainless mìíràn, náà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n níkẹ́ẹ̀lì 20 ló gbé dání, owó rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé níkẹ́ẹ̀lì. Obìnrin yẹn mọṣẹ́. Ọlọ́run á bá mi dá a lọ́lá.

Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ra 253 MA náà, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó gbé e ń bọ̀, kò tètè dé, mo fi ààrò ọlọ́ààrò ṣiṣẹ́ títí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní wáyà ìjórin tirẹ̀. Ọ̀pá ìjórin 304 ni wẹ́dà mi ti fẹ́ fi jó o, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo pe obìnrin yẹn lórí fóònù. Owó irin àkọ́kọ́ tó lu, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà níbẹ̀.

Mo tú ilé iná tuntun náà wò láìpẹ́ yìí. Awọ eérú dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló bò ó. Mo fi skrudiráfà họ ọ́ níbi tí iná ti ń lù ú jù, ojú ibẹ̀ dán díẹ̀, kò sí ohun tó ṣí. Wẹ́dà mi náà họ ọ́, ó mi orí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, títí wọn ó fi dá owó mi padà. Mo ti san àsansílẹ̀ fún ṣíìtì ààrò kejì lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ obìnrin ọ́fíìsì ẹ̀yìn ni mo sì san án sí.