Mo Ṣe Lésà Ojú, Mo sì Tún Ń Wọ Awò Méjì Nílé Sinimá

Ọdún 22 gbáko ni mo fi gbé awò sójú. Ojú ọ̀tún mi jẹ́ −5.50, tòsì −6.25. Ẹni tó bá mọ ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ á ti mirí. Ẹni tí kò mọ̀, kó ṣáà gbà pé bí mo bá bọ́ awò, mi ò lè dá ọkọ mi mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ àfi tó bá wúkọ́. Ibi tí awò ti máa ń sú mi jù ni ilé sinimá tí wọ́n bá ń ṣe 3D, fíìmù tí wọ́n ń fi awò pàtàkì wò kó lè dà bíi pé àwòrán ń jáde síta. N ó gbé tèmi sójú, n ó gbé tiwọn lé e lórí, tòkè á máa yọ̀ wálẹ̀, n ó máa fi ìka kan tì í padà títí fíìmù á fi parí.

Nítorí náà, nígbà tí mo kówó jọ ṣe LASIK, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi lésà tún ojú ṣe, lọ́dún 2023, tí mo ti pé ẹni ọdún 43, 3D wà lára ohun tí mo fọkàn sí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ò tó nǹkan. Wọ́n kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, wọ́n fi irin kékeré há ìpéǹpéjú mi kí n má baà ṣẹ́jú. Lésà kìíní gé awọ iwájú ẹyinjú bí ìdérí, dókítà ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí ìwé. Lésà kejì, tí wọ́n ń pè ní excimer, ló wá fá abẹ́ rẹ̀. “Ẹ tẹjú mọ́ iná yẹn, mà, ẹ má wo ibòmíì.” Mo ń gbọ́ tàtàtà, mo ń gbọ́ òórùn bí irun tó ń jóná. Kò pé ìṣẹ́jú kan lójú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá ìdérí padà sáyè rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú. Lọ́jọ́ kejì, láti fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, mo ka nọ́ńbà ẹ̀yìn dánfó tó ń lọ. Mo sunkún. Ọkọ mi ní ṣé oògùn ni.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mo kó àwọn ọmọ lọ wo 3D n'Íkẹjà. Awò kan ṣoṣo lójú! Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ojú mi fi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀: bí lésà ṣe gé awọ yẹn ló gé àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń mọ̀ pé ojú ti gbẹ, ó sì máa ń tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó hù padà. Èèyàn kì í sì í ṣẹ́jú dáadáa tó bá tẹjú mọ́ nǹkan. Ẹ wá fi ẹ́síì ilé sinimá kún un, èyí tó ń fẹ́ bí ọyẹ́. Inú òkùnkùn ni mo ti ń kán oògùn sójú, ìdajì rẹ̀ ń dà sínú gúgúrú. Nígbà tí fíìmù dé ibi tó jẹ́ òru, gbogbo iná inú rẹ̀ dé adé, òrùka ìmọ́lẹ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Awò 3D máa ń mú àwòrán ṣókùnkùn, ọmọlójú á wá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba etí ibi tí lésà ò fá dé wọlé. Méjèèjì yìí, mo fara mọ́ wọn. Nígbà tó fi máa pé oṣù méje, òrùka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ojú mi ò sì gbẹ mọ́ àfi nígbà ọyẹ́.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé 3D náà ò jáde. Ọmọbìnrin mi tó jókòó tì mí nawọ́ síwájú, ó fẹ́ gbá nǹkan mú nínú afẹ́fẹ́. Èmi ń wo àwòrán pẹlẹbẹ bíi ti kàlẹ́ńdà. “Mọ́mì, ẹ ò rí i ni? Ó ti dé ojú yín!” Mo di ojú òsì: gbogbo nǹkan mọ́ rekete. Mo di tọ̀tún: bàìbàì.

Ìgbà náà ni mo rántí. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ọmọbìnrin kan ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò, kí n gba inú rẹ̀ wo aago ara ògiri. Ojú ọ̀tún ni mo fi wò ó, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní torí pé mo ti lé ní 40, àwọn á fi ojú ọ̀tún, tí aago yẹn fi hàn pé òun ni mo fi ń wo nǹkan jù, sí ọ̀nà jíjìn, àwọn á wá fi nǹkan bí −1.50 sílẹ̀ lójú òsì kí n lè máa ka fóònù láìgbé awò ìkàwé. Monovision ni wọ́n ń pè é. Mo ní ó dáa. Ta ni ò fẹ́? Mo sì ń fi ojú lásán ka WhatsApp mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀tọ̀ ni 3D ń fi han ojú kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ ló ń so méjèèjì pọ̀. Tí ojú kan bá ń rí kedere tí ìkejì ń rí bàìbàì, kí ni ọpọlọ fẹ́ so? Ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí, ìlà kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni ò la ẹnu sọ ọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́ǹsì tí wọ́n ń kì bọ ojú ni wọn ì bá fi dán an wò fún mi fún ọjọ́ mélòó kan, kí lésà tó kan ojú mi. Ẹ bèèrè lẹ́ǹsì ìdánwò yẹn o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 40. Lésà, mo fún un ní 9 nínú 10. Monovision fún ẹni tó fẹ́ràn 3D, 4, àánú sì wà níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n 3D wa nílé, tí a rà ní 2012, sàn díẹ̀, torí ó sún mọ́ mi ju ògiri sinimá lọ. (Bó bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn, nígbà tó fi di 2017, LG àti Sony náà ti pa á tì.) Àmọ́ awò rẹ̀ wúwo, bátìrì ló ń lò, ó sì ń ṣí, ó ń dé lójú kọ̀ọ̀kan nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lóṣù méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn lésà, bí mo bá ti wò ó fún ìṣẹ́jú 40, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi. Ti sinimá, tí kò ní bátìrì, tó kàn ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, rọ ojú lọ́rùn jù ú lọ.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá ẹni tó ń ṣe awò ládùúgbò wa. Gíláàsì lásán lọ́tùn-ún, −1.50 lósì. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e sójú nílé sinimá, mo gbé tiwọn lé e lórí. Tòkè yọ̀ wálẹ̀. Mo fi ìka tì í padà. Ọmọ mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, kí lẹ wá lọ ṣe lésà fún?” Mi ò tíì dá a lóhùn tí ẹja ńlá kan fi jáde látinú ògiri, ó ń bọ̀ tààrà sójú mi. Mo yẹrí fún un.